Ti Imú Ni Tàbí Ti Apá? Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Àjẹsára Fúlùú fún Ọmọdé

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú jáde lóṣù yìí nínú àwọn tí ẹ kọ sí wa. Ọ̀rọ̀ àjẹsára fúlùú fún ọmọ kékeré ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dá lé, ṣùgbọ́n ìlú tí olúkúlùkù ti kọ̀wé yàtọ̀ síra, ìdáhùn kò sì lè jẹ́ ọ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì àjẹsára ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù kí n tó fẹ̀yìn tì, ìdí nìyẹn tí lẹ́tà àkọ́kọ́ fi gba àyè ju àwọn yòókù lọ.

ÌBÉÈRÈ KÌÍ-NÍ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá wa. Ìbejì ni mo bí. Wọ́n pé ọmọ ọdún méjì nínú oṣù kẹfà tó kọjá. Ilé ìwòsàn wa ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé kí a kó wọn wá gba àjẹsára fúlùú tí wọ́n máa ń fín sí imú. Ohun mẹ́ta ló ń kọ mí lóminú. Wọ́n ní ohun tí wọ́n mú lára ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀, Mùsùlùmí sì ni wá. Àyà Kẹ́hìndé máa ń dún fée-fée bí òtútù bá ti mú un, wọ́n sì ti fún un ní ínhélà aláwọ̀ búlúù, ṣùgbọ́n Táíwò kò ní irú rẹ̀. Ìyá ọkọ mi tó wá láti Ìbàdàn láti bá mi tọ́jú wọn ní àtọ̀gbẹ. Ó gbọ́ pé kòkòrò ààyè ni wọ́n ń fín sí ọmọ nímú, ó sì ní kí a má kó àrùn bá òun. Ọkọ mi ní kí wọ́n kúkú gún àwọn méjèèjì ní abẹ́rẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán. Èwo ló dára jù?

Ìyá Ìbejì, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú o. Èjìrẹ́ ará Ìṣokùn, Ọlọ́run yóò bá yín wò wọ́n.

Ẹ bi mí pé èwo ló dára jù. Bí mo bá fi ẹnu kan dá yín lóhùn, mo lè ṣì yín lọ́nà, nítorí pé àjẹsára méjèèjì ló dára. Ohun tí ó yẹ kí a wádìí ni èyí tí ó bá ọmọ tó wà níwájú wa mu, ní ọjọ́ tí a gbé e dé. Ọmọ méjì lẹ ní. Inú kan náà ni wọ́n ti jáde, ṣùgbọ́n àyà wọn kò rí bákan náà, ó sì ṣeé ṣe kí Táíwò gba ti imú kí Kẹ́hìndé sì gba ti apá, láìsí pé a rẹ́ ẹnì kankan jẹ nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n ń fín sí imú, tí wọ́n ń pè ní Fluenz nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ará Amẹ́ríkà sì ń pè ní FluMist, kòkòrò fúlùú tó ṣì wà láàyè ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti gba agbára lọ́wọ́ kòkòrò náà. Inú òtútù ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà títí tí ooru ara èèyàn fi di ohun tí kò lè fara dà mọ́. Nínú imú, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé tí ibẹ̀ sì tutù díẹ̀, ó lè pọ̀ sí i níwọ̀nba tí ara yóò fi dá a mọ̀. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró, ooru ibẹ̀ kò ní jẹ́ kí ó lè gbérí. Ti abẹ́rẹ́ kò ní ààyè kankan nínú. Kòkòrò tí wọ́n ti pa ni, kò sì lè fa fúlùú fún ẹnikẹ́ni, bó ti wù kí ara gbóná tó lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gún un.

Láti ọdún 2013 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọdé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àjẹsára yìí, ti imú ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ nawọ́ rẹ̀ sí ọmọ tó ti pé ọdún méjì. Imú ni ẹnu ọ̀nà tí fúlùú fúnra rẹ̀ ń gbà wọlé, àwọn ọmọdé ló sì máa ń gbé e kiri láti nọ́sìrì wá sílé. Ìwádìí ńlá kan tún wà tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007, nǹkan bí 8,000 ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì pín wọn sí méjì: nínú àwọn tó gba ti imú, àwọn tí fúlùú mú kò tó ìdajì iye tí ó mú nínú àwọn tó gba abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan náà ló fi hàn pé àwọn tí kò tíì pé ọdún méjì, pàápàá àwọn ọmọ oṣù mélòó kan, àyà wọn máa ń dún lẹ́yìn ti imú ju lẹ́yìn abẹ́rẹ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì ní ti imú rárá, ì báà jẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston. Àwọn tiyín ti kọjá ibẹ̀. Àwọn òbí tí ọmọ wọn pé ọdún méjì nínú oṣù kẹsàn-án máa ń bínú pé wọn kò pe àwọn. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí, ọmọ tí kò bá tíì pé méjì lọ́jọ́ náà yóò dúró di ọdún tó ń bọ̀, àfi bí ó bá ní àìsàn tó fi í sínú ewu.

Ó kan ọ̀rọ̀ Kẹ́hìndé, òun gan-an ló sì jẹ mí lógún jù nínú lẹ́tà yín. Ọ̀pọ̀ òbí ló gbà pé ọmọ tí àyà rẹ̀ ń dún kò gbọdọ̀ gba ti imú láé. Kò rí bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó ní ikọ́ fée, kódà tó ń lo ínhélà sítẹ́rọ́ọ̀dù, èyí tí a fi ń dènà ìkọlù rẹ̀, lójoojúmọ́, lè gbà á. Ohun tí nọ́ọ̀sì yóò bi yín ni ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín wákàtí 72 tó ṣáájú, ìyẹn ọjọ́ mẹ́ta gbáko: ṣé àyà rẹ̀ dún, ṣé ẹ sì fún un ní ínhélà búlúù ju bí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn yóò sún ti imú síwájú. Bí ọjọ́ mẹ́ta mìíràn bá tún kọjá tí àyà náà kò sì tíì rọ̀, kí wọ́n má ṣe tún sún un mọ́, kí wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́, nítorí pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gan-an ni fúlùú máa ń gbé dé ọsibítù. Ọmọ tó ń mu sítẹ́rọ́ọ̀dù oníhóró tàbí olómi déédéé nítorí ikọ́ fée, tàbí tí wọ́n ti gbé sí yàrá ìtọ́jú àkànṣe nítorí rẹ̀ rí, dókítà àgbà tó ń tọ́jú àyà rẹ̀ ló lè sọ bóyá ti imú yẹ é.

Nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ láti ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Bí ó bá sùn lálẹ́, ẹ ká aṣọ rẹ̀ sókè, ẹ tan iná, kí ẹ wo ìhà rẹ̀. Bí awọ àárín egungun ìhà bá ń wọnú tí ó ń jáde ní gbogbo ìgbà tó bá mí, bí ihò imú rẹ̀ bá ń fẹ̀, bí ẹ bá gbé etí sún mọ́ ẹnu rẹ̀ tí ẹ gbọ́ ohùn bíi fèrè tí a ń fọn lókèèrè, kò tíì yá fún ti imú, ó sì yẹ kí dókítà tilẹ̀ rí i. Ẹ kọ iye ìgbà tí ẹ fún un ní ínhélà sílẹ̀ sínú fóònù yín. Ìyá tó bá sọ fún nọ́ọ̀sì pé "ẹ̀ẹ̀mejì lánàá, kò sí lónìí" ti ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ju ìyá tó ní "ó ti ń sàn" lọ.

Nǹkan kan tún wà tí ó yẹ kí ẹ bèèrè. Bí wọ́n bá ti dá Kẹ́hìndé dúró sí ọsibítù nítorí àyà rẹ̀ rí, tàbí bí wọ́n bá ti fún un ní ínhélà sítẹ́rọ́ọ̀dù tó ń lò lójoojúmọ́, ó ti bọ́ sínú àwọn tí ìjọba kà sí ẹni tó wà nínú ewu, ẹ̀ẹ̀mejì sì ni irú wọn máa ń gba àjẹsára yìí ní ọdún àkọ́kọ́, kí ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin wà láàárín méjèèjì. Táíwò kò nílò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí wọ́n bá ní kí Kẹ́hìndé nìkan padà wá, ẹ má rò pé wọ́n ṣì í kọ.

Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ wá ńkọ́? Òótọ́ ni. Jẹ́látìn tí wọ́n mú lára ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ti imú. Òun ni kì í jẹ́ kí kòkòrò aláìlágbára náà bàjẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Kò sí nínú abẹ́rẹ́. Mo máa ń sọ èyí fún gbogbo ìyá tó bá wọ ìborùn wọlé, kí ó tó bi mí, nítorí pé inú mi kì í dùn bí a bá fi ohun tó kan ẹ̀sìn ẹni pamọ́ fún un, tí ó sì wá lọ gbọ́ ọ níta. Ní ọdún 1995, àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù àti àwọn oníṣègùn péjọ ní Kuwait, wọ́n sì fẹnu kò pé ohun tí wọ́n ti sọ di nǹkan mìíràn pátápátá, bí awọ àti egungun ṣe ń di jẹ́látìn, ti kúrò lábẹ́ ìdájọ́ tó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sì jẹ́ haramu mọ́. Àwọn àáfà mìíràn kò fara mọ́ ọn. Wọ́n ní nígbà tí abẹ́rẹ́ tí kò ní ẹlẹ́dẹ̀ nínú wà nílẹ̀, kí ló tún kù tí a ń wá lọ sídìí ẹlẹ́dẹ̀? Èmi kì í ṣe àáfà, n kò sì ní dá ẹjọ́ tí kì í ṣe tèmi. Ẹ bi àáfà yín. Bí ọkàn yín kò bá gbà á, ẹ pe ilé ìwòsàn kí ọjọ́ náà tó pé, kí ẹ sọ fún wọn pé abẹ́rẹ́ ni ẹ fẹ́ nítorí jẹ́látìn, wọn yóò sì fún àwọn ọmọ méjèèjì. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá dé ibẹ̀ kí ẹ tó sọ ọ́, nítorí pé gbogbo ilé ìwòsàn kọ́ ló máa ń kó abẹ́rẹ́ ọmọdé pamọ́ sínú fíríìjì. Àwọn mìíràn ní láti ránṣẹ́ lọ gbà á.

Ẹ bá mi kí ìyá wa, kí ẹ sì fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Òótọ́ ni pé díẹ̀ nínú kòkòrò aláìlágbára yẹn lè bá ikun imú ọmọ jáde fún ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n àtọ̀gbẹ kọ́ ni ohun tí a ń bẹ̀rù níbẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí oyún. Ẹni tí a ń ṣọ́ra fún ni ẹni tí ara rẹ̀ kò lè gbèjà ara rẹ̀ rárá mọ́, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ mùdùnmúdùn inú egungun rẹ̀, tí wọ́n sì yà sọ́tọ̀ nínú yàrá tirẹ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń gbé ilé kan náà pẹ̀lú ọmọ, abẹ́rẹ́ ni a ó fún ọmọ. Ohun tó lè ṣe ìyá wa ní jàǹbá ni fúlùú gidi tí àwọn ọmọ lè kó bọ̀ láti nọ́sìrì nínú oṣù Kejìlá, àjẹsára ọmọ sì wà lára ohun tí yóò dí ọ̀nà rẹ̀.

Bí ara ọmọ kò bá gba ẹyin adìẹ, kò dí ti imú lọ́wọ́, àfi bí ẹyin bá ti ṣe é tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbé e sí yàrá ìtọ́jú àkànṣe. Ọmọ tí wọ́n ń fún ní aspirin lójoojúmọ́ nítorí àìsàn kan kò gbọdọ̀ gba ti imú.

Mo rántí ọmọkùnrin kan tó fi ìka méjì dí imú rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà wá, nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti sọ fún un pé a ó ki abẹ́rẹ́ bọ imú rẹ̀. Mo gbé sìrínjì náà lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ kí òun náà rí i. Kò ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu, orí rẹ̀ rọ̀, ike kékeré kan sì há mọ́ ọ̀pá rẹ̀ kí ó má bàa tẹ̀ ju ìdajì lọ. Ìyá rẹ̀ gbé e lé itan, ó fi ọwọ́ kan di apá rẹ̀ mú, ó fi ọwọ́ kejì gbé iwájú orí rẹ̀ mọ́ àyà. Mo fín ìdajì, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá mílílítà, sí ihò imú kan. Mo yọ ike náà, mo fín ìyókù sí èkejì. Ọmọ náà sín, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ó wo ojú mi, ó ní, "Ó tán?" Ìyá rẹ̀ ló bẹ̀rù pé ó ti sín gbogbo rẹ̀ dànù. Kò dànù. Bí ọmọ bá sín, tàbí tí ó bá sunkún, tàbí tí omi díẹ̀ ṣàn jáde, a kì í tún un ṣe, nítorí pé ohun tó lẹ̀ mọ́ inú imú ti tó. Bí imú bá dí pátápátá fún ọ̀fìnkìn ni ẹ ó padà wá lọ́jọ́ mìíràn, tàbí kí ẹ gba abẹ́rẹ́.

Ní ti ìmọ̀ràn ọkọ yín: bí ó bá jẹ́ nítorí ẹ̀sìn ni ó ṣe ní kí wọ́n gún àwọn méjèèjì, ó tọ̀nà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé kí ọ̀rọ̀ má bàa gùn ni, n kò bá a fọwọ́ sí i. Èmi yóò fín ti Táíwò sí imú, kí n sì wo àyà Kẹ́hìndé lọ́jọ́ náà. Ohun kan tí n kò fẹ́ ni kí ẹ máa rò ó títí tí òtútù yóò fi dé bá yín, nítorí pé ara nílò nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn àjẹsára kó tó lè dá fúlùú dúró.

Lẹ́yìn ti imú, imú lè máa ṣomi, oúnjẹ lè má wù wọ́n jẹ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, apá lè wú díẹ̀ kó sì máa dùn wọ́n. Kí ìyá wa má fi omi gbígbóná jó o, aṣọ tí a fi omi tútù rin ló dára. Bí ara bá gbóná tí kò sì rọ̀ wọ́n lọ́rùn, parasítámọ́ọ̀lù ọmọdé ni kí ẹ fún wọn, ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò. Ẹ má fún wọn ní aspirin.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọbìnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, SS sì ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọmọ àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà jẹ́ SS, ti imú ni wọ́n fún un. Dókítà wa níbí ní abẹ́rẹ́ nìkan ni òun máa fún tèmi. Ó tún ní ẹ̀ẹ̀mejì ni lọ́dún yìí, bẹ́ẹ̀ ó gba ọ̀kan lọ́dún tó kọjá. Mo sì kà á pé ìgbà kan wà tí ti imú kò ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ta ni kí n gbà gbọ́?

Bàbá Ọlọ́mọbìnrin, Houston, Texas

ÌDÁHÙN

Ẹ gba dókítà yín gbọ́. Ọmọ àbúrò yín náà kò sì gba ohun tí kò yẹ.

Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde máa ń ba ẹ̀yà ara kan jẹ́ láti kékeré, èyí tó wà lábẹ́ ìhà òsì, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa sẹ́ kòkòrò kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ tó ń pinnu lórí àjẹsára ka ẹnikẹ́ni tí ẹ̀yà ara yìí kò bá ṣiṣẹ́ mọ́ sí ẹni tí kò gbọdọ̀ gba àjẹsára tó ní kòkòrò ààyè fúlùú nínú. Ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fi ìyẹn nìkan dí ọmọ lọ́wọ́. Bákan náà ni ti àyà tó ń dún: ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin tí àyà rẹ̀ bá ti dún láàárín oṣù 12 sẹ́yìn kì í gba ti imú ní Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ wákàtí 72 ni wọ́n ń bèèrè ní Lọ́ńdọ̀nù, gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ fún Ìyá Ìbejì. Àwọn amòye orílẹ̀-èdè méjèèjì mọ iṣẹ́ wọn, ibi tí wọ́n fa ìlà sí ni kò bára mu. Ohun tí n kò ní gbà yín nímọ̀ràn láti ṣe ni kí ẹ máa fi ìlànà ìlú kan bá dókítà ìlú kejì jà. Abẹ́rẹ́ dára fún ọmọ SS níbi gbogbo.

Ní ti ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ má bínú sí i. Ní Amẹ́ríkà, ọmọ tó wà láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún mẹ́jọ, tí kò bá tíì gba àjẹsára fúlùú ẹ̀ẹ̀mejì láyé rẹ̀ kí ọjọ́ kìíní oṣù keje tó pé, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò gbà ní àsìkò náà, pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán láàárín wọn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni tiyín ti gbà rí. Ara ọmọ kékeré tí kò tíì bá fúlùú pàdé dà bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ABD. Ti àkọ́kọ́ kọ́ ọ, ti èkejì ló mú kí ó wọ̀ ọ́ lórí. Bí ó bá gba méjèèjì lọ́dún yìí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dọọdún ni yóò tó o láti ọdún tó ń bọ̀ lọ.

Ohun tí ẹ kà nípa ti imú ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, ìgbìmọ̀ Amẹ́ríkà ní kí ẹnikẹ́ni má lò ó ní àsìkò tó ń bọ̀, nítorí pé kò fi bẹ́ẹ̀ dá ẹ̀yà fúlùú H1N1, èyí tó kárí ayé ní 2009, dúró lára àwọn ọmọdé. Àwọn tó ń ṣe é pààrọ̀ ẹ̀yà H1N1 tó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì dá a padà fún àsìkò 2018 sí 2019. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fìgbà kan dá a dúró. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló fà á tí wọn kò fi fún ọmọ yín. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló fà á.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn ju gbogbo ohun tí mo ti kọ síbí lọ. Bí ara ọmọ SS bá gbóná dé 101 lórí ìwọ̀n Fahrenheit tí ẹ ń lò ní Houston, ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kódà bí ó bá jẹ́ alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́. Ẹ má jókòó sílé kí ẹ ní abẹ́rẹ́ ló fà á. Ó lè jẹ́ abẹ́rẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ kòkòrò tó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, ẹ kò sì lè fi ọwọ́ kan iwájú orí mọ ìyàtọ̀.

ÌBÉÈRÈ KẸTA

Ọmọ oṣù mẹ́wàá ni tèmi. Mo rí i lórí káàdì àjẹsára rẹ̀ pé wọ́n fún un ní èyí tí wọ́n kọ "influenzae" sí nígbà tó wà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mẹ́wàá àti mẹ́rìnlá. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní kí n wá sanwó fún abẹ́rẹ́ fúlùú. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ ta ohun tó ti gbà tẹ́lẹ̀ fún mi?

Ìyá Ọmọ, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Rárá o, nǹkan méjì ni, orúkọ ló jọra. Èyí tó wà lórí káàdì yín jẹ́ ọ̀kan nínú àjẹsára alápapọ̀ márùn-ún, ó sì ń dènà kòkòrò kan tó máa ń fa yínrùnyínrùn àti òtútù àyà. Ní ọdún 1892 ni Richard Pfeiffer, dókítà ará Jámánì, rí kòkòrò náà nínú imú àwọn tí fúlùú ń ṣe, ó sì rò pé òun ló ń fa fúlùú, wọ́n bá fi orúkọ fúlùú pè é. Ọdún 1933 ni wọ́n tó rí èyí tó ń fà á gan-an, ní Lọ́ńdọ̀nù. Orúkọ àkọ́kọ́ kò kúrò lára kòkòrò náà títí di òní.

Àjẹsára fúlùú kò sí nínú èyí tí ìjọba Nàìjíríà ń fún àwọn ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ yóò rà á. Fún ọmọ oṣù mẹ́wàá, kò sí ohun tí a ń yàn, abẹ́rẹ́ ni, ẹ̀ẹ̀mejì sì ni ní àkọ́kọ́ pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láàárín. Bí ẹ bá lówó rẹ̀ nílẹ̀, ó dára. Kí ẹ tó san án, ẹ ní kí wọ́n gbé páálí rẹ̀ jáde kí ẹ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ àti àsìkò tí wọ́n ṣe é fún, nítorí pé ọdọọdún ni wọ́n ń pààrọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀: Àjọ Ìlera Àgbáyé máa ń kéde ti ìhà àríwá ayé ní oṣù kejì, ti ìhà gúúsù ní oṣù kẹsàn-án. Ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe fíríìjì bí iná bá lọ. Ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni kí òtútù rẹ̀ wà. Bí ó bá dì, ó ti bàjẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú lásán kò lè dá a mọ̀. Ilé ìwòsàn tí inú bá bí sí ìbéèrè yìí, ẹ fi owó yín pamọ́. Lẹ́yìn tí ọmọ bá gbà á tán, bí ara rẹ̀ bá gbóná lọ́jọ́ iwájú, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà, nítorí pé àjẹsára fúlùú kò mọ ẹ̀fọn.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó na owó kankan, ẹ tún káàdì yẹn mú, kí ẹ wo ìlà ọmọ oṣù mẹ́sàn-án, níbi tí wọ́n ti ń kọ àjẹsára éèyi àti ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ sí. Bí wọn kò bá tíì kọ ọjọ́ kankan síwájú wọn, ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín ní ọjọ́ àjẹsára tó ń bọ̀. Wọn kì í gbowó rẹ̀, bí oṣù kan ti lé lórí oṣù mẹ́sàn-án yẹn kò sì ní kí wọ́n má fún un.